Májẹ̀óbàjẹ́ àti Nọ́ńbà Àṣírí

Ní ọdún 1978, bí àlejò bá wọ Ìsẹ́yìn tó sì bèèrè ilé Olóyè Oyèlékè, kò sẹ́ni tí yóò da ara rẹ̀ láàmú láti júwe ọ̀tún tàbí òsì fún un. Wọ́n á kàn ní kó máa lọ títí yóò fi rí ògiri tó ń fọ́nnu. Ara ògiri iwájú ilé náà ni Oyèlékè ní kí akunlé fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí, gàdàgbà-gadagba, kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lè kà á láì sọ̀ kalẹ̀: ILÉ YÌÍ NÍ TẸLIFÓÒNÙ. NỌ́ŃBÀ RẸ̀, ÀṢÍRÍ NI.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Ẹni tó ní àṣírí, ṣé ara ògiri ló ń kọ ọ́ sí? Adìẹ tó yé ẹyin sínú igbó, tí kò fẹ́ kí wọ́n kó o, ṣé ó tún ń ké kiri àdúgbò ni? Oyèlékè ń ké ní tirẹ̀.

Aṣọ òfì ló ń tà. Òun kọ́ ló ń hun ún o. Àwọn ahunṣọ tó wà lábẹ́ àtíbàbà ní òdìkejì ọ̀nà ló ń hun ún. Òun a kó o lọ Èkó, a sì dé fìlà tuntun padà wálé. Ó ga, ó sanra, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Oríkì tí ìyá rẹ̀ fún un kò tó o, ló bá fi ẹnu ara rẹ̀ kì ara rẹ̀: Afokùn-bá-Gómìnà-sọ̀rọ̀! Ọlọ́rọ̀-inú-wáyà! Erin-tí-ń-fọhùn-nínú-àpótí!

Àpótí tó wà nínú oríkì yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ó ní kí káfíńtà kan kan àpótí igi fún tẹlifóònù náà, ó fi àgádágodo sí i, ó sì fi okùn òfì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, bó bá fẹ́ nu eruku ara ẹ̀rọ náà, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Lásìkò náà, ilé tó ní tẹlifóònù nílùú kò pọ̀. Bí o bá gbé e sétí, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí bọ́ọ̀dù ló máa dá ọ lóhùn, ìwọ á sọ ẹni tí o fẹ́, òun á sì so wáyà yín pọ̀. Adéwùmí ni orúkọ òṣìṣẹ́ yẹn ní Ìsẹ́yìn, àbúrò ìyàwó Oyèlékè sì ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ yẹn fi wà nínú àpótí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kò sí ọmọ ènìyàn tó pè é. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń dún, ní aago mẹ́rin géérégé, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jáde ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n sì ń jókòó gba atẹ́gùn. Adéwùmí ló máa ń pè é, nítorí pé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́.

"Haló! Ọlọ́lá jùlọ! Kọmíṣọ́nnà!" Oyèlékè á pariwo débi pé ewúrẹ́ á dìde lójú ọ̀nà. "Rárá o! Mi ò lè wá sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí! Ọwọ́ mi dí! Ẹ bá mi kí Gómìnà!"

Ní òdìkejì wáyà, Adéwùmí á máa jẹ ẹ̀pà. "Olóyè, ṣé ẹ ti ń parí ẹ̀? Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ o."

Jẹ́ẹ́dé ahunṣọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, á gbójú sókè nídìí òfì rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, Kọmíṣọ́nnà yìí mà gbọ́ràn o. Kì í fèsì rárá."

Ìdí tí Oyèlékè fi sọ nọ́ńbà di àṣírí pé méjì. Èyí tó ń sọ fáyé gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìjọba ń gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni pé bí nọ́ńbà bá tàn kálẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó á bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́. "Kí èmi, èmi Oyèlékè, máa sáré lọ pe ìyá lágbájá? Kí n máa jíṣẹ́ tàmẹ̀dò? Ṣé mo wá di ìránṣẹ́ àdúgbò ni?" Bó bá ti rò ó débẹ̀, òógùn á bò ó.

Ẹgbẹ́ Ọmọ-Ìlú-Ṣọ̀kan ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹgbẹ́ yìí pinnu láti tẹ ìwé kan tí yóò kó orúkọ gbogbo ẹni tó lórúkọ nílùú jọ: iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀, àti nọ́ńbà rẹ̀ bó bá ní tẹlifóònù, kí ọmọ ìlú tó bá wà lẹ́yìn odi lè wá ẹni tó bá fẹ́ rí. Wọ́n sọ ìwé náà ní Mọ̀-Mí-N-Mọ̀-Ọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Tíṣà Olúsọjí, ló ń gba orúkọ láti ojúlé dé ojúlé.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Oyèlékè, orí bàbá náà wú. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti lè pè é, ṣùgbọ́n kò sì fẹ́ kí ìwé kan jáde tí òun ò ní gba ojú ewé tó tóbi jù níbẹ̀.

"Tíṣà, bá mi gbọ́. Orúkọ mi, kí wọ́n fi lẹ́tà tó tóbi jù lọ tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò mi, ojú ewé kan odindi. Oyè mi, Májẹ̀óbàjẹ́ Ẹgbẹ́."

"Bàbá, ẹgbẹ́ ò tíì fi yín jẹ Májẹ̀óbàjẹ́."

"Ọjọ́ ìkójáde ìwé ni wọ́n máa fi mí jẹ ẹ́. Mo ti bá Alága sọ ọ́. Máa kọ ọ́ lọ."

"Ó dáa, bàbá. Tẹlifóònù yín ńkọ́?"

"Ṣṣṣ!" Oyèlékè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Adìẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì lé e. "Kò gbọdọ̀ wọ ìwé."

"Ìyẹn ò le. A ò ní kọ ọ́, ó parí."

"Kò parí! Bí atẹ̀wé ò bá mọ nọ́ńbà, báwo ló ṣe máa mọ èyí tí kò gbọdọ̀ tẹ̀?"

 Tíṣà Olúsọjí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó mọ ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sọ fún atẹ̀wé."

"Kí ìwọ náà lè mọ nọ́ńbà? O gbọ́n jù! Màá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, màá lẹ̀ ẹ́ pa. Ojú ewé mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí ìwé yóò fi jáde."

Ló bá mú gègé. Ohun tó kọ nìyí, lẹ́tà lẹ́tà bó ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Oloye Oyeleke, Majeobaje Egbe. Nomba telifoonu mi ni Iseyin 23. E ma te e sinu iwe. E ma fun enikeni ti o ba beere. E ma je ki won pe mi. E ma ran mi nise si aladugbo."

Tíṣà jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó ń wo gègé. "Bàbá, ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ ọ́, gègé yín kò gòkè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi àmì sí i. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, kò mọ ibi tó ń lọ."

"Àmì ohùn kẹ̀! Ọmọ iléèwé lẹ̀ ń fi àmì ohùn dẹ́rù bà. Ẹni tó bá mọ̀ mí, á mọ ohùn mi."

"Bàbá, atẹ̀wé Ìbàdàn ò mọ̀ yín. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Á mọ̀ mí!" ni Oyèlékè wí. Ó yọ́ àbẹ́là sórí ìwé náà, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún ní kí Tíṣà búra pé kò ní ṣí i. Tíṣà búra. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ti bó, ìkójáde ìwé sì ku ọjọ́ méjì péré. Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Àwáwù tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fàtímọ̀ tẹ ọ̀pá wá sílé Oyèlékè. Opó ni. Òwú ló ń ká fún àwọn ahunṣọ lábẹ́ àtíbàbà Jẹ́ẹ́dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aṣọ tí Oyèlékè tà ní Èkó tí ọwọ́ obìnrin náà kò kan òwú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kan ti kọṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Láti àtíbàbà dé ilé Oyèlékè, tí kò ju ogójì ẹsẹ̀ lọ, ìgbà mẹ́ta ló sinmi.

"Olóyè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti gbé Fàtímọ̀ ọmọ mi lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ọmọ dábùú sí i nínú. Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ ló bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbọ́ kúkú, mi ò gbọ́ yíyè. Awakọ̀ kan ń lọ lọ́la. Bí ẹ bá lè fún mi ní nọ́ńbà yín kí n fi rán an sí Ràmọ́nì, kó pè, kó sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún mi. Ọmọ mi wà, tàbí kò sí mọ́. Kí n mọ̀."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò jẹ́ kó dà.

Ẹ má rò pé òkúta ni Oyèlékè. Ọ̀rọ̀ náà ta á láyà. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ lọ síbi kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Àmọ́ ó rántí pé bí Ìyá Fàtímọ̀ bá mọ̀ ọ́n, Jẹ́ẹ́dé á mọ̀ ọ́n; bí Jẹ́ẹ́dé bá sì mọ̀ ọ́n, ó ti dé Ijio, ó ti kọjá bọ́dà. Ọwọ́ rẹ̀ padà sórí ikùn.

"Ìyá Fàtímọ̀, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ ìlú ni. Bí Gómìnà bá ń pè mí lásìkò tí Ràmọ́nì ń pè ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba tò sẹ́yìn ọmọ dábùú ni?"

Obìnrin náà gbá ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ó dáa, Olóyè. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìjọba rí yín pè."

Ó yí padà, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà mẹ́ta ló sinmi. Oyèlékè ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ó wọlé lọ dán fìlà Sátidé wò kí ara lè tù ú.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ìta ilé Oyèlékè ni wọ́n ti ṣe é, òun ló fi agídí gbà á. Ó gbé àpótí tẹlifóònù sórí tábìlì gíga níwájú gbogbo ènìyàn, ó fi aṣọ sányán bo tábìlì náà. Àwọn tíṣà wá, àwọn nọ́ọ̀sì wá, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò wá. Alága ẹgbẹ́, Alàgbà Ọlágòkè, jókòó láàárín. Ìdì ìwé méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn ṣì wà lára wọn. Ààrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n dé. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó ti gba tiwọn láti àná, wọ́n sì ti pín in.

Oyèlékè dìde nínú agbádá tó tó bo ilé ìdáná. "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì! Ní aago mẹ́rin, Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ yóò pè láti kí yín, lórí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi èmi, òun àti Ọlọ́run!" Àwọn tó wà níwájú pàtẹ́wọ́.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gríín! Gríín!

Oyèlékè bojú wo aago. Kò tíì tó àsìkò. Ó fa kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àpótí. "Haló! Ọlọ́lá jùlọ!"

Ṣé ẹ mọ tẹlifóònù ayé ìgbà yẹn? Bí ẹni tó wà ní Ìbàdàn bá fọhùn nínú rẹ̀, ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé yín á gbọ́.

"Kì í ṣe Ọlọ́lá o, Mùstàfá ni! Mùstàfá tó ń gbé Mọ́kọ́lá! Ẹ bá mi sọ fún Jẹ́ẹ́dé pé òfì tí mo ní kó hun fún mi, kó má fi funfun sí i o! Aláàárì lásán ni mo fẹ́!"

Oyèlékè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ wàràwàrà, ó kọjú sí èrò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kọmíṣọ́nnà ni. Ó ní ẹ kú ìjókòó."

Láti abẹ́ àtíbàbà, Jẹ́ẹ́dé lọgun: "Ẹ bá mi sọ fún Kọmíṣọ́nnà pé mo ti fi funfun sí i!"

Ẹ̀rín sọ. Alàgbà Ọlágòkè bo ẹnu, ó wúkọ́. Kí Oyèlékè tó ti àpótí pa, gríín! Obìnrin kan ni láti Èkó. "Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú sílé màmá mi lẹ́yìn ọjà, ẹ wò ó bóyá ewúrẹ́ mi ti bímọ. Àwọ̀ pupa ni!"

"Ewúrẹ́ kẹ̀?" ni Oyèlékè fi igbe ta. Ó gbé e kalẹ̀. Gríín! Ó tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, Adéwùmí ni, inú sì ń bí i.

"Olóyè! Kí lẹ ṣe fáyé? Ìpè mẹ́sàn-án ló ń dúró dè yín, gbogbo wọn ń bèèrè Ìsẹ́yìn mẹ́tàlélógún! Mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ààrọ̀! Ti aago mẹ́rin wa yẹn ńkọ́, èyí tí mo máa ń pè kí ẹ lè ṣe bí ẹni ń bá Kọmíṣọ́nnà sọ̀rọ̀? Ṣé kí n ṣì pè é, àbí kí n fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ fún oníewúrẹ́?"

 Ohun tó kù tó ń dún ni aṣọ agbádá Oyèlékè tí ọyẹ́ ń fẹ́.

"Háà," ni nọ́ọ̀sì kan wí jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn.

 Lọ́kàn Oyèlékè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń pariwo: ta ló sọ nọ́ńbà fún wọn?

"Tíṣà," ni Alàgbà Ọlágòkè wí, "tú ìwé yẹn."

Tíṣà Olúsọjí já okùn, ó fa ìwé kan yọ, ó ṣí ojú ewé kìíní. Ó kọ́kọ́ wò ó nínú ara rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Mi ò lè búra bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó kà á síta ketekete, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ fún kíláàsì.

"OLÓYÈ OYÈLÉKÈ, MÁAJẸ̀ÓBÀJẸ́ ẸGBẸ́."

"Kí ló pè é?" ni Alága bèèrè.

"Máajẹ̀óbàjẹ́, sà. Bó ṣe wà níbí nìyẹn. Ó ń tẹ̀síwájú: Nọ́ńbà tẹlifóònù mi ni Ìsẹ́yìn 23. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹ máa fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n pè mí. Ẹ máa rán mi níṣẹ́ sí aládùúgbò." Tíṣà tún tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé. "Atẹ̀wé fi tirẹ̀ kún un pé: Irú àgbà báyìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹyẹ kò dúró lórí igi. Jẹ́ẹ́dé fi òfì sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀.

"Irọ́ ni!" Oyèlékè ń fò sókè. "Má ni mo kọ! Ẹ MÁ! Ẹ MÁ!"

Tíṣà fa bébà kan yọ láàárín ìdì ìwé náà. Atẹ̀wé ti dá a padà, àbẹ́là ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú àmì àtàǹpàkò. "Bàbá, ìwé ọwọ́ yín rèé. Ẹ bá mi wá àmì orí 'ma' kan ṣoṣo níbẹ̀. Atẹ̀wé rí 'ma' márùn-ún tí kò lóhùn, ó fún gbogbo wọn ní ohùn kan náà. Ó kúkú fún ti oyè yín pẹ̀lú."

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á mọ ohùn rẹ̀!" ni Jẹ́ẹ́dé pariwo láti ilẹ̀. Àṣé ó gbọ́ ohun tí Oyèlékè sọ fún Tíṣà níjọ́sí láti òdìkejì ọ̀nà.

Ẹ̀rín ò tíì tán nígbà tí ẹ̀rọ tún dún. Oyèlékè kò fẹ́ gbé e. Alága nawọ́ sí i pé kó gbé e. Ó gbé e.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ṣé Olóyè tó ń jíṣẹ́ fún aládùúgbò ni? Ràmọ́nì ni, ọkọ Fàtímọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ló mú ìwé yín wá sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Ìyá Fàtímọ̀. Mi ò lè fi rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Etí àwọn fúnra wọn ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí."

Ẹ̀rín gé kúrú. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí obìnrin yẹn ti ń dúró dè láti ọjọ́ márùn-ún. Ohùn Ràmọ́nì kò sì jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ohùn Adéwùmí já wọ inú rẹ̀: "Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré o. Mo ti ń kà á."

Gbogbo ojú yí sí àtíbàbà. Ìyá Fàtímọ̀ ti gbọ́. Ó ti fi ọ̀pá dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, orúnkún yẹn tàsé, ó jókòó padà sórí ìdì òwú. Ó tún gbìyànjú, ó tún jókòó. Bí yóò bá sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tán.

"Olóyè," ni Alàgbà Ọlágòkè wí, kò pariwo, "ìwé ní ẹ̀yin ni."

Bóyá ìtìjú ló ti Oyèlékè, bóyá àánú ni, mi ò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ojú wa rí ni pé ó gbé ẹ̀rọ lé orí tábìlì, ó ká agbádá, ó sì sáré. Bẹ́ẹ̀ ni, Erin-tí-ń-fọhùn-nínú-àpótí sáré. Fìlà rẹ̀ bọ́ láàárín ọ̀nà, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó dé abẹ́ àtíbàbà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀gbọ̀n òwú, ó kọ ẹ̀yìn sí obìnrin náà.

"Ìyá Fàtímọ̀, ẹ gùn mí."

"Èmi? Olóyè, agbádá yín—"

"Ẹ máa gùn ún, ẹ jọ̀ọ́! Adéwùmí ń kà á!"

Ó pọ̀n ọ́n. Ó fi agbádá sányán gbá a mọ́ ẹ̀yìn, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ sọdá ọ̀nà, eruku ń ta. Ọ̀pá Ìyá Fàtímọ̀ ń lù ú létí, obìnrin náà sì ń wí lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ rọra o, Olóyè, èmi kì í ṣe òwú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n yà sọ́tùn-ún yà sósì fún wọn.

Ìyá Fàtímọ̀ dorí ẹ̀rọ kodò. Oyèlékè bá a dà á padà, ó gbé e mọ́ ọn létí.

"Ràmọ́nì? Ràmọ́nì ọmọ mi? Sọ ọ́. Ohun tó bá jẹ́, sọ ọ́."

"Ìyá! Ó ti bí o! Obìnrin ni! Wọ́n la inú rẹ̀ ni, kì í ṣe kékeré! Fàtímọ̀ wà! Ó ń bèèrè ẹ̀kọ gbígbóná!"

Ariwo tó sọ, wọ́n ní àwọn tó ń bọ̀ láti oko gbọ́ ọ. Ìyá Fàtímọ̀ kò pariwo. Omi tó ti ń lé lójú rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ wá dà wàyí, ó ń dà sórí agbádá Oyèlékè, ó ń wí pé, "Alhamdulilai, Alhamdulilai." Adéwùmí gan-an gbàgbé láti já wáyà.

Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó dá ẹ̀rọ padà fún Oyèlékè tọwọ́tọwọ́.

"Ẹ ṣé, Olóyè. Ṣé mo sọ fún yín pé Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rí yín pè?"

Oyèlékè gba ẹ̀rọ, ó gbé e kalẹ̀. Kò sí fìlà lórí rẹ̀, ẹ̀gbọ̀n òwú kún irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń ra ìwé, olúkúlùkù ń wá ojú ewé kìíní.

"Alága," ni Jẹ́ẹ́dé wí, "oyè ńkọ́? Ṣé Májẹ̀óbàjẹ́ ni ká jẹ́ kó jẹ, àbí Máajẹ̀óbàjẹ́?"

"Ẹ fi oyè sílẹ̀ ná," ni Alàgbà Ọlágòkè wí. "Ó níṣẹ́ lọ́wọ́."

Lóòótọ́, ẹ̀rọ ti tún ń dún. Oyèlékè wo àpótí. Ó bojú wo ògiri ilé ara rẹ̀, níbi tí ọ̀dà pupa ti ń kígbe ÀṢÍRÍ NI sí gbogbo èrò yẹn. Ó gbé ẹ̀rọ sétí.

"Haló," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"Haló! Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi Oyèlékè ní ìbéèrè yẹn, oríkì mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń kà jáde. Lọ́jọ́ náà, ó fi etí agbádá nu ojú.

"Ìránṣẹ́ àdúgbò ni," ni Olóyè Oyèlékè wí. "Ta lẹ fẹ́ kí n bá yín pè?"